Míǹtì mẹ́ta ni mo gbìn sórí ebè kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Àdùkẹ́_Ọ̀gbà (Ìbàdàn), ọjọ́ 11 oṣù Kìíní

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọyẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé ibí ni mo ti lè rí ẹni tí yóò là mí lọ́yẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, mo ra míǹtì oríṣi mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ọ̀kan ni peppermint, èyí tó ń tutù lẹ́nu bí ìgbà téèyàn bá lá Tom Tom. Èkejì ni spearmint, tí òórùn tirẹ̀ dùn bíi ti ṣíńgọ́ọ̀mù. Ẹ̀kẹta ni wọ́n pè ní apple mint: ewé rẹ̀ rí roboto, ó sì ní irun múlọ́múlọ́ lára. Mo kọ ebè kan sẹ́yìn ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà. Mo gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, mo sì fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn.

Títí di oṣù Keje, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Bí mo bá fẹ́ po tíì fún màmá mi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi, mo mọ ibi tí mo máa na ọwọ́ sí. Àfi ìgbà tí òjò wá rọ̀ dáadáa, ewé bo gbogbo ilẹ̀, n kò rí ààlà kankan mọ́. Ní báyìí, ibi yòówù kí n ti já ewé, adùn kan náà ni: ti ṣíńgọ́ọ̀mù yẹn. Peppermint mi ti pòórá. Apple mint, n kò rí ewé onírun kan ṣoṣo. Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ fura, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, tíì yìí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ o."

Aládùúgbò mi kan ní gbòǹgbò wọn ló wọnú ara wọn lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi pààrọ̀ òórùn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n hú gbogbo rẹ̀ dànù? Bí ọmọ ni mo ṣe tọ́jú ebè yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá_Ẹlẹ́wé (Ògbómọ̀ṣọ́), ọjọ́ 11

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tí aládùúgbò rẹ sọ kò jìnnà sí òótọ́. Ọdún kan wà tí mo gbin ṣọ̀ǹbọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàtàṣé. Irúgbìn tàtàṣé tí mo dá sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí mo tún un gbìn lọ́dún kejì, ata tó so ń ta bí iná. Àwọn ohun ọ̀gbìn tó bá jẹ́ ìbátan, bí a bá kó wọn sójú kan, wọn a máa gbà lára ara wọn. Hú u, kí o ra òmíràn, kí o sì jẹ́ kí ó tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Kọ́lá_Balíkónì (Sùúrùlérè), ọjọ́ 11

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí o. Inú rọ́bà ọ̀dà ni tèmi wà, mo ní ìbéèrè tèmi náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ti Àǹtí Àdùkẹ́.

Títí_Alágbìn (Abẹ́òkúta), ọjọ́ 12

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá wa. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìdààmú.

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ìtàn ata yín sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ: irúgbìn lẹ dá sílẹ̀, ọdún kejì ló tó ta. Tàtàṣé tó wà lórí igi lọ́dún àkọ́kọ́, tí ẹ sè jẹ, ṣé ó ta? Inú irúgbìn ni àdàlù ń gbé. Kì í wọ inú igi tó ti wà nílẹ̀. Bí a bá gé ẹ̀ka míǹtì tí a sì rì í mọ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ gan-an ló tún dìde níbòmíràn. Kò ní di nǹkan mìíràn títí tí yóò fi kú, kódà kí gbòǹgbò rẹ̀ lọ́ mọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ bí irun tí a di.

Ìjà ilẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lórí ebè yín, Àǹtí. Míǹtì kì í jókòó sójú kan. Ó ń ta ọwọ́ sábẹ́ ilẹ̀ àti sórí ilẹ̀, bí ìtàkùn ọ̀dùnkún ṣe ń ṣe, ibi tí oríkèé rẹ̀ bá sì ti kan ilẹ̀ tútù, ó ta gbòǹgbò sísàlẹ̀, ó yọ ewé sókè, ó ti di igi tuntun nìyẹn. Nínú àwọn mẹ́ta tí ẹ gbìn, spearmint ló fara da oòrùn ilẹ̀ wa jù. Nígbà tí òjò dé, òun ló tètè na ọwọ́, ó sì gba ilẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ òórùn. Ẹnì kan ló lé àwọn méjì jáde.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Peppermint fúnra rẹ̀, ọmọ àdàlù ni, láàárín spearmint àti míǹtì kan tó ń hù létí odò, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mentha aquatica. Bí ìbaaka tí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí ló rí, òun fúnra rẹ̀ kì í sábà bímọ. Nítorí náà kò lè bá ẹnikẹ́ni dàlù lórí ebè yín. Gígé ni gbogbo ayé fi ń tàn án kálẹ̀.

Ẹ má hú u o. Ẹ kọ́kọ́ bá mi ṣe èyí: ní òwúrọ̀, ẹ rìn yí ebè ká, kí ẹ máa já ewé kọ̀ọ̀kan tọ́ wò. Ẹ wo etí ebè dáadáa, àti ibi tí ibòòji wà, àti ibi tí omi ẹ̀rọ ń kán sí. Ẹ wo ìdí ewé pẹ̀lú. Ewé spearmint jókòó mọ́ ara igi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọrùn. Ti peppermint ní ọrùn kékeré tó gbé e kúrò lára igi, igi rẹ̀ sì sábà máa ń ní àwọ̀ elésè àlùkò. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Bàbá_Ẹlẹ́wé, ọjọ́ 12

Títí, o ṣeun ọmọ mi. Mo ti ń dáko kí wọ́n tó bí ọ, n kò sì ronú rẹ̀ báyẹn rí. Tàtàṣé ọdún àkọ́kọ́ kò ta lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n gbà mí lọ́wọ́ ìkan. O ní peppermint kì í bímọ. Ọmọ mi kan ra irúgbìn fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, peppermint ni wọ́n kọ sára pákẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwòrán. Mo gbìn ín, ó hù. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: òmíràn dùn díẹ̀, òmíràn ń run bí koríko lásán, kò sí èyí tó tutù lẹ́nu nínú wọn. Kí wá ni mo gbìn?

Títí_Alágbìn, ọjọ́ 12

Bàbá, irúgbìn spearmint, tàbí ti míǹtì tó ti dàlù, ni wọ́n sábà máa ń dì sínú irú pákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Àwọn míǹtì tó ń so irúgbìn náà, ọmọ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ìyá, ìdí nìyẹn tí tiyín fi rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ míǹtì tó dá lójú, kó wá igi tó ti fẹnu ara rẹ̀ tọ́ wò, kó gé e níbẹ̀.

Gígé náà kò le. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò ní òdòdó, kó gùn tó íńṣì mẹ́rin, kí ẹ gé e nísàlẹ̀ oríkèé. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi sínú ife omi níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò jó, ẹ máa pààrọ̀ omi lọ́jọ́ méjì-méjì. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹ ó rí gbòǹgbò funfun lára oríkèé. Bí ó bá ti gùn tó íńṣì kan, ẹ gbìn ín. Ẹ má jẹ́ kí gbòǹgbò pẹ́ jù nínú omi, kó má baà ṣòro fún un láti bá ilẹ̀ mọ́ra.

Ọmọ_Ìlọrin (Jọ́ọ̀sì), ọjọ́ 13

Ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Jọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ gbé mi wá, ọdún kẹfà nìyí.

Ní ibí, ẹ kò ní gbọ́ míǹtì lẹ́nu ará ọjà. Na'a-na'a ni àwọn Haúsá ń pè é, ìdì-ìdì ni wọ́n sì ń tà á bí ẹ̀fọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ mai shayi ní alẹ́ tí òtútù mú, yóò ju ẹ̀ka kan sínú ife tíì yín kí ó tó da omi gbígbóná lé e. Spearmint ni. Nítorí náà ẹni tó bá ń wá spearmint kò nílò láti ná owó ńlá lọ́dọ̀ olódòdó. Ẹ wọ Sábó ìlú yín, ẹ béèrè na'a-na'a lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́, ẹ ra ìdì kan, ẹ gé e bí Àǹtí Títí ṣe wí. Báyẹn ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀: lára ìdì kan tí mo rà fún tíì, ẹ̀ka mẹ́jọ nínú mọ́kànlá ta gbòǹgbò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa peppermint ni pé ojú ọjọ́ ló ń bá a jà. Jọ́ọ̀sì ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun, alẹ́ wa tutù, peppermint ọ̀dọ̀ mi ní ewé tó fẹ̀, ó sì ta lẹ́nu. Mo gé lára rẹ̀ lọ fún ìyá mi ní Ìlọrin. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, ewé rẹ̀ ti kéré, etí rẹ̀ ti jó. Mo rò pé ó ti kú. Ìyá mi gbé e lọ sábẹ́ igi ọsàn, níbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń kàn án, ó sì sọjí. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí.

Kọ́lá_Balíkónì, ọjọ́ 13

Ẹ̀gbọ́n Ìlọrin, ẹ ṣeun, n ó wá na'a-na'a yẹn kàn.

Ìbéèrè tèmi rèé. Rọ́bà ọ̀dà lítà 20 mẹ́rin ni mo ní lórí balíkónì, mo lu ihò mẹ́fà-mẹ́fà sí ìdí wọn. Spearmint wà nínú méjì, peppermint wà nínú méjì. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ewé ń ní àmì tínńtín-tínńtín bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, ó ń funfun, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun kejì ni pé ọdún kẹta rèé, peppermint mi kò yọ òdòdó rí. Ṣé ilẹ̀ rẹ̀ ni kò dára ni?

Títí_Alágbìn, ọjọ́ 14

Kọ́lá, na bébà funfun sábẹ́ ewé, kí o gbọn ẹ̀ka náà sí i. Bí o bá rí ohun tó kéré bí eruku tó ń rìn, kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìbátan aláǹtakùn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni wọ́n fẹ́, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi jẹ́ àsìkò wọn. Má wulẹ̀ sáré ra oògùn, ewé tí o máa jẹ ni. Gé igi náà kù díẹ̀ sílẹ̀, íńṣì kan sí méjì, kó gbogbo ewé tó ti bàjẹ́ kúrò nílé. Kí o wá máa fi omi fọ ẹ̀yìn ewé tuntun lọ́jọ́ méjì-méjì, ẹ̀yìn ewé gan-an o, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Míǹtì kì í kú nítorí pé a gé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti tún bò.

Ti òdòdó, ilẹ̀ rẹ kò ṣe ohunkóhun. Ọ̀sán gígùn ni peppermint ń retí kó tó yọ òdòdó. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún kò ju nǹkan bíi wákàtí 12 àbọ̀ lọ. Ní Oregon àti Washington lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín fún òróró, ọ̀sán ń gùn ju wákàtí 15 lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ìyẹn náà ló fà á tí òróró tiwọn fi pọ̀ ju tiwa lọ. Àwa tí a ń gbìn ín fún ewé kò nílò òdòdó. Ìgbà tí míǹtì bá ń yọ òdòdó, ewé rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́.

Ẹ kíyè sí ajílẹ̀ náà. Mo ti rí ẹni tó ń da ìgbẹ́ adìẹ lé míǹtì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ewé yóò gbòòrò, yóò dúdú dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ní adùn. Ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ kan sí rọ́bà kan ní oṣù méjì, ó tó.

Bàbá_Ẹlẹ́wé, ọjọ́ 14

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ẹni tó bá mú igi míǹtì sáàárín ìka méjì tó yí i, yóò rí i pé kò rí roboto, igun mẹ́rin ló ní. Efinrin náà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ dán an wò lẹ́yìn ilé yín. Ìdílé kan ni wọ́n. Ìgbà tí mo mọ èyí ni míǹtì ti kúrò lóhun àjèjì lójú mi.

Fẹ́mi_Bahia (Salvador, Brazil), ọjọ́ 15

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ igun mẹ́rin tí Bàbá sọ yẹn dára, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà, nítorí ìdílé náà pọ̀.

Hortelã ni wọ́n ń pe míǹtì níbí. Nígbà tí mo dé, mo ní kí ìyá tó ń ta ewé lọ́jà fún mi ní hortelã, ó ní èwo, ewé wẹ́wẹ́ ni àbí ewé ńlá? Ewé wẹ́wẹ́ ni míǹtì gidi. Ewé ńlá ni èyí tí ewé rẹ̀ nípọn, tó ní irun, tó ń ṣẹ́ pọ́kán bí ọ̀dúndún, tí òórùn rẹ̀ sì le. Plectranthus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kì í ṣe míǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ìgbà tí mo wá sílé, mo rí èyí ewé ńlá yẹn gan-an nínú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́bàá títì, ó ní míǹtì ni. Ẹni tó fẹ́ po tíì kò ní gbádùn rẹ̀. Bí ewé bá nípọn débi pé omi ń jáde nígbà tí ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ìyá_Ìbejì_Nọ́ọ̀sì (Òṣogbo), ọjọ́ 15

Ẹ kú ọ̀gbà o. Èmi kò mọ̀ púpọ̀ nípa ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àti ikùn kàn mí.

Títutù tí peppermint ń tutù lẹ́nu, kò mú òtútù kankan wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni menthol, òun náà ló wà nínú Robb. Iṣan tó máa ń sọ fún ọpọlọ pé "nǹkan tutù dé" ni menthol ń tẹ̀, ọpọlọ á sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, David Julius àti Ardem Patapoutian, ló ṣàwárí ibi tó ń tẹ̀ yẹn, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021. Menthol inú spearmint kéré gan-an, nǹkan mìíràn tó ń jẹ́ carvone ló fún un ní òórùn ṣíńgọ́ọ̀mù rẹ̀. Nítorí náà màmá Àdùkẹ́ kò ṣì í sọ rárá. Ahọ́n wọn tọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹ má fi menthol tàbí òróró peppermint sí imú ọmọ ìkókó, ó lè jẹ́ kí èémí rẹ̀ há. Mo ti rí i lójú ara mi, ọwọ́ mi sì gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Èkejì, míǹtì kan wà tí wọ́n ń pè ní pennyroyal. Òróró rẹ̀ jẹ́ májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó ti pa èèyàn rí, aboyún kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹni tó bá fi tọrẹ fún yín, ẹ dá a padà. Ẹ̀kẹta, ẹni tí omi kíkan bá máa ń ti inú ikùn gùn bọ̀ wá sí ọ̀fun rẹ̀, peppermint lè mú un pọ̀ sí i, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà ikùn dẹ̀.

Àdùkẹ́, ìgbà wo ni Màmá máa ń mu tíì náà?

Àdùkẹ́_Ọ̀gbà, ọjọ́ 15

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, alẹ́ ni, kí wọ́n tó sùn. Ẹ sì wò ó, wọ́n máa ń ráhùn nípa omi kíkan yẹn. Oúnjẹ ata ni mo ń dá lẹ́bi.

Ìyá_Ìbejì_Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ 15

Ẹ gbé e kúrò ní alẹ́. Kí wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, kí ẹ wo bí oorun wọn ṣe rí, kí ẹ sì sọ fún dókítà wọn nígbà tí ẹ bá tún lọ. Bí omi náà bá ṣì ń gùn, kì í ṣe míǹtì nìkan ni.

Mojí_Mitcham (Lọ́ńdọ̀nù), ọjọ́ 17

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Òtútù ló wà lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo míǹtì mi ti kú sílẹ̀, igi gbígbẹ lásán ló kù. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo sunkún lórí rẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí. Ìyá Òyìnbó tó wà ní ilé kejì ló sọ fún mi pé sísùn ló sùn, abẹ́ ilẹ̀ ló wà, oṣù Kẹta ni yóò jí. Láti ìgbà náà n kì í fọwọ́ kàn án.

Àdúgbò tí mo ń gbé, Mitcham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní ìtàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, oko peppermint àti lafẹ́ńdà ló wà níbí, wọ́n ń yọ òróró wọn. Ilé ti bo gbogbo oko náà lónìí, ṣùgbọ́n peppermint tí igi rẹ̀ dúdú, tó ní àwọ̀ elésè àlùkò tí Títí ń wí, Black Mitcham ni wọ́n ṣì ń pè é títí dé Amẹ́ríkà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ àdúgbò mi lára ìkòkò òdòdó, mo rà á lójú ẹsẹ̀.

Mo ní oríṣi márùn-ún: Black Mitcham, spearmint, ti Morocco tí wọ́n fi ń po tíì, èyí tí wọ́n ń pè ní chocolate mint, àti apple mint. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn Àdùkẹ́ ni pé apple mint tirẹ̀ pòórá. Lọ́dọ̀ mi níbí, òun ni òǹrorò wọn! Òun ló lé spearmint mi jáde lọ́dún kejì, ó gba abẹ́ ọgbà kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ewé kan náà, ilẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹni tó ń borí yí padà. Nítorí náà, ẹ má gbà gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ onísùúrù. Olúkúlùkù pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀ ni.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kó wà nínú ilẹ̀: wá rọ́bà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, gé ìdí rẹ̀ kúrò, rì í mọ́lẹ̀, kí etí rẹ̀ yọ ní íńṣì méjì sókè. Etí yẹn ṣe pàtàkì, nítorí míǹtì ń gba orí ilẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Ẹ máa gé ọwọ́ tó bá fẹ́ fò ó.

Bí ẹ bá rí àmì aláwọ̀ ọsàn bí ìpẹtà lẹ́yìn ewé, àrùn ni. Ẹ gé igi náà dé ilẹ̀, ẹ sun ún. Èmi a máa hú gbòǹgbò tó mọ́, ma rì í sínú omi tó gbóná dé ìwọ̀n 44 lórí Celsius fún ìṣẹ́jú 10, ma wá fi sínú omi tútù, kí n tó gbìn ín sínú ilẹ̀ tuntun. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru o, ẹ má fọwọ́ díwọ̀n rẹ̀, bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti sè é.

Ọmọ_Ìlọrin, ọjọ́ 17

Àǹtí Mojí, ìkòkò yín ẹ máa ń pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀? Tèmi nínú ìkòkò ń rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ọdún kan.

Mojí_Mitcham, ọjọ́ 17

Lọ́dọọdún. Ẹ dà á jáde, ẹ ó rí i pé gbòǹgbò ti yí ìkòkò po bí gèlè. Ẹ fi ọ̀bẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ dá ìdá kan padà sínú ilẹ̀ tuntun, ẹ fi mẹ́ta tọrẹ. Ẹ má dá àárín tó ti gbó padà, etí ni agbára wà.

Àdùkẹ́_Ọ̀gbà, ọjọ́ 2 oṣù Kejì

Ẹ̀yin ará mi, MO RÍ I!

Mo ṣe bí Títí ṣe wí. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni mo fi rìn yí ebè náà ká, mo já ewé títí ahọ́n mi fi kú. Àárín ebè, spearmint ni. Iwájú, spearmint. Ní ọjọ́ kẹta, mo tẹ̀ ba wo abẹ́ ẹ̀rọ omi, ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán díẹ̀ tí omi ń kán sí, mo rí igi méjì tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú, ewé rẹ̀ ní ọrùn. Mo fi sẹ́nu, ó tutù dé imú mi. Mo pariwo débi pé Màmá jáde wá wo ohun tó ṣe mí.

Mo gé ẹ̀ka mẹ́rin lára rẹ̀, mo sì fi ìdí méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́ta ti ta gbòǹgbò, ọ̀kan jẹrà. Mo ti gbìn wọ́n sínú rọ́bà ọ̀dà, abẹ́ igi máńgòrò ni mo gbé wọn sí. Apple mint ni n kò rí rárá, mo ti gbà pé ó ti lọ.

Ti Màmá: a ti dá tíì alẹ́ dúró. Wọ́n ní omi náà ti dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì lọ tán. A ó rí dókítà ní ọjọ́ 11.

Ìyá_Ìbejì_Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ 2

Ẹ kú oríire. Ẹ má gbàgbé ọjọ́ 11 o.

Bàbá_Ẹlẹ́wé, ọjọ́ 3

Èmi ni mo ní kí o hú u; ká ní o gbọ́ tèmi ni, ò bá ti pàdánù rẹ̀. Títí, o ṣeun. Àdùkẹ́, bí rọ́bà yẹn bá kún, bá mi fi ẹ̀ka méjì pa mọ́. Àbúrò rẹ kan máa ń ná ọjà Bódìjà ní gbogbo Ọjọ́rú, yóò wá gbà á. Kí o wé ìdí rẹ̀ nínú aṣọ tútù, kó má gbẹ lọ́nà.

Àdùkẹ́_Ọ̀gbà, ọjọ́ 3

Ẹ̀ka mẹ́rin ni n ó fi pa mọ́, Bàbá. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.